James Lansing: ẹni tí orúkọ rẹ̀ di lẹ́tà mẹ́ta lára báfù

Láti Agoua dé Bantè, láti Savalou dé Kútọnu, níbi tí wọ́n bá ti ń ta ẹ̀rọ orin, a máa ń rí lẹ́tà mẹ́ta lára àwọn àpótí kan: J, B, L. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà lè pe lẹ́tà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé orúkọ ọkùnrin kan ni wọ́n dúró fún. James B. Lansing ni ọkùnrin náà. Ará Amẹ́ríkà ni. Ó kú ní ọdún 1949, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta (47). Ó fi iṣẹ́ rere sílẹ̀, ó sì fi gbèsè sílẹ̀.

Ohun méjì ló ṣe pàtàkì nínú ẹ̀rọ orin inú ilé. Èkínní ni àńpílì. Àńpílì ni ẹ̀rọ tí ń gba ohùn kékeré láti ara rédíò tàbí fóònù, tí ó sì ń fún un lágbára. Èkejì ni báfù, àpótí tí ohùn náà ń gbà jáde wá sí etí wa. Bí àwọn méjèèjì kò bá bára mu, owó tí a ná sí wọn yóò ṣòfò. Lansing lo ayé rẹ̀ láti mú kí báfù sọ òtítọ́ ohun tí àńpílì bá fi rán an.

Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi

Wọ́n bí i ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1902, ní ìpínlẹ̀ Illinois. James Martini ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ìdílé ńlá ni ìdílé rẹ̀: òun ni ọmọ kẹsàn-án nínú ọmọ mẹ́rìnlá. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹnjiníà ní ibi tí wọ́n ti ń wa èédú inú ilẹ̀. Nítorí iṣẹ́ yìí, ìdílé náà a máa kó láti ìlú kan dé òmíràn.

Láti kékeré ni ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ti wọ ọmọ náà lára. Àwọn ará ilé rẹ̀ ròyìn pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí ń fi àmì ránṣẹ́ lójú afẹ́fẹ́, àti pé àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n tú u palẹ̀, nítorí pé àmì rẹ̀ ń dé ibi tí kò yẹ kó dé. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, ó di mẹkáníìkì ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ni ó mọ̀ jù lọ. Ọ̀gá rẹ̀ tilẹ̀ rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mẹkáníìkì ní ìlú Detroit.

Ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1924. Lẹ́yìn ikú yìí, James fi ilé sílẹ̀, ó forí lé ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Ó dúró ní ìlú Salt Lake City, ó sì rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò kan. Ní ìlú yìí ni ó ti pàdé Glenna Peterson, tí ó di aya rẹ̀. Níbẹ̀ náà ni ó ti pàdé Ken Decker, tí ó di alábàáṣepọ̀ rẹ̀ nínú òwò.

Ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́

Ní oṣù Kẹta ọdún 1927, James àti Decker dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Los Angeles. James jẹ́ ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n (25) nígbà náà. Ní àkókò yìí ni ó pa orúkọ Martini tì, tí ó sì ń jẹ́ Lansing. Wọ́n ń ṣe ẹnu báfù fún àwọn tí ń ṣe rédíò ńlá inú ilé.

Ẹnu báfù ni ohun róbótó tí a máa ń rí ní iwájú àpótí. Bébà líle tó rí bí òkòtó wà nínú rẹ̀. Ní ìdí òkòtó náà, wọ́n so wáyà tín-ínrín tí wọ́n ká mọ́ ọn. Wáyà yìí wà láàárín irin òòfà. Nígbà tí iná láti inú àńpílì bá gba inú wáyà kọjá, òòfà a máa fà á, a sì máa tì í. Bébà náà yóò máa gbọ̀n bí awọ ìlù ṣe ń gbọ̀n nígbà tí kọ̀ǹgọ́ bá bà á. Gbígbọ̀n yẹn ló ń di ohùn.

Ó dà bí ohun tó rọrùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó péye ló ń fẹ́. Bí àlàfo tó wà láàárín wáyà àti òòfà bá tóbi jù, agbára àńpílì yóò ṣòfò. Bí ó bá kéré jù, wáyà yóò máa ha irin, ohùn yóò sì bàjẹ́. Ọwọ́ mẹkáníìkì tí Lansing ní wúlò fún un níbí. Ó máa ń ro irin títí tí kò fi ní sí àṣìṣe.

Decker ló ń bójú tó owó àti ìwé. Ó ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀, ó ń ṣírò ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Lansing ní tirẹ̀ wà nídìí iṣẹ́ ọwọ́ láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn méjèèjì wà pọ̀, ilé iṣẹ́ náà dúró.

Nígbà tí sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀

Kí ọdún 1927 tó parí, sinimá tí a ń pè ní The Jazz Singer jáde ní Amẹ́ríkà. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ sinimá kò ní ohùn: àwòrán nìkan ni àwọn ènìyàn ń wò. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo gbọ̀ngàn sinimá ló ń wá ẹ̀rọ tí ohùn rẹ̀ yóò tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn í gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó wà nígbà náà ní àléébù. Ìwo ńlá ni ohùn ń gbà jáde. Ìwo tí ohùn ìsàlẹ̀ ń gbà gùn ju ti ohùn òkè lọ púpọ̀. Nítorí náà, ohùn méjèèjì kì í dé etí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹni tí ń jó bá fi bàtà kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, etí lè gbọ́ ọ bí ẹ̀ẹ̀mejì. Ó dà bí ìgbà tí ìyá ìlù wà ní ìta tí omele sì wà ní kọ̀rọ̀ yàrá: orin kan náà ni wọ́n ń lù, ṣùgbọ́n wọn kò bára mu mọ́.

Douglas Shearer ni olórí ẹ̀ka ohùn ní ilé iṣẹ́ sinimá MGM. Ọ̀rọ̀ yìí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Òun àti ẹnjiníà kan tí ń jẹ́ John Hilliard pinnu láti ṣe ẹ̀rọ tuntun, wọ́n sì pe Lansing mọ́ra. Wọ́n pín ohùn sí méjì. Ẹnu ńlá gba ohùn ìsàlẹ̀. Ẹnu kékeré tó ní ìwo gba ohùn òkè. Wọ́n tò wọ́n kí ohùn méjèèjì lè jáde pọ̀ bí ohùn kan. Lansing wà lára àwọn tí ọwọ́ wọn ṣe ẹnu báfù náà. Ẹ̀rọ yìí gba ẹ̀bùn àwọn oníṣẹ́ sinimá Amẹ́ríkà fún ọdún 1936. Orúkọ Shearer àti MGM ni wọ́n kọ sára ẹ̀bùn náà.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́ ní gbọ̀ngàn sinimá kò pẹ́ kó tó wọ inú yàrá. Ní ọdún 1937, Lansing gbé báfù kan jáde tí wọ́n pè ní Iconic. Ó kéré ju ti sinimá lọ, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ló wà nínú rẹ̀: ẹnu ńlá fún ohùn ìsàlẹ̀, ẹnu kékeré fún ohùn òkè. Títí di òní, bí a bá ṣí ọ̀pọ̀ báfù inú ilé wò, bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe rí i.

Ikú alábàáṣepọ̀

Ní ọdún 1939, ìbànújẹ́ dé. Ken Decker kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ òfurufú nígbà tó lọ ṣe ìdánrawò ológun. Kò sí ẹni tó lè bójú tó owó bí tirẹ̀ mọ́. Báfù tí Lansing ń ṣe kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìṣirò ilé iṣẹ́ náà dàrú. Láàárín ọdún méjì, wàhálà owó ká a mọ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1941, ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Altec ra ilé iṣẹ́ Lansing ní 50.000 dọ́là. Wọ́n so orúkọ méjèèjì pọ̀, wọ́n di Altec Lansing. Lansing di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́, àwọn mìíràn ń bójú tó owó. Láàárín àwọn ọdún yìí, ọ̀pọ̀ báfù olókìkí jáde láti ibẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1945, wọ gbọ̀ngàn sinimá kárí ayé.

Ṣùgbọ́n ọkàn Lansing kò balẹ̀ lábẹ́ ẹlòmíràn. Àdéhùn ọdún márùn-ún ni ó bá wọn ṣe. Nígbà tí àdéhùn náà parí ní ọdún 1946, ó kúrò. Ó ní oko kan ní San Marcos, ní ìpínlẹ̀ California. Níbẹ̀ ni ó ti tún bẹ̀rẹ̀.

Báfù rere, owó tí kò tó

Ó kọ́kọ́ sọ ilé iṣẹ́ tuntun náà ní Lansing Sound. Altec fẹjọ́ sùn: àwọn ni wọ́n ti ra orúkọ Lansing. Wọ́n wá fohùn ṣọ̀kan pé kí ó fi orúkọ rẹ̀ kíkún síwájú. Bí ó ṣe di James B. Lansing Sound nìyẹn. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n gé e kúrú sí JBL.

Iṣẹ́ tó tayọ jù lọ nínú gbogbo ohun tó ṣe ní àkókò yìí ni ẹnu báfù tí wọ́n ń pè ní D130. Fífẹ̀ rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 38. Wáyà tó wà ní ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, èyí tó tóbi ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Kò lo wáyà róbótó: wáyà pẹlẹbẹ ni ó ká, kí àyè má baà ṣòfò láàárín wáyà kan àti èkejì. Nítorí èyí, àńpílì kékeré lè mú ohùn ńlá jáde láti inú rẹ̀. Àńpílì àsìkò náà kò lágbára púpọ̀, nítorí náà ànfààní ńlá ni èyí jẹ́. Wọ́n ń ṣe D130 fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ẹni tó dá a sílẹ̀ ti kú.

Ṣùgbọ́n owó kò wọlé tó bó ṣe ń jáde. Lansing a máa fẹ́ kí ohun gbogbo péye, kò sì sí Decker tí yóò sọ fún un iye tí pípéye náà ń jẹ. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan tí ń jẹ́ Marquardt fi owó ràn án lọ́wọ́, ó sì fún un ní àyè. Ní ọdún 1949, ilé iṣẹ́ ńlá mìíràn ra Marquardt, kò sì fẹ́ mọ̀ nípa báfù. Ìrànlọ́wọ́ dópin. Gbèsè tó wà lọ́rùn Lansing tó nǹkan bí 20.000 dọ́là.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1949, ní oko rẹ̀ ní San Marcos, Lansing fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ó fi aya àti ọmọ sílẹ̀. Kò gbé ayé láti mọ̀ pé ohun tó rò pé ó ti bàjẹ́ kò tíì bàjẹ́.

Ilé iṣẹ́ náà ní ìwé ìdójútòfò lórí ẹ̀mí rẹ̀. 10.000 dọ́là ni wọ́n san. Owó yìí ni William Thomas, tó ń bójú tó owó níbẹ̀, fi mú ilé iṣẹ́ náà dúró. Ohun tí Lansing ti ṣe sílẹ̀ kò yí padà. Ẹni tó mọ ìṣirò ni ó kù, òun sì ni ó dé.

Ohùn tó ń tàn kálẹ̀

Ní ọdún 1949 kan náà, ní Èkó, Àyìndé Bákàrè, ọ̀gá olórin jùjú, bẹ̀rẹ̀ sí í so jìtá rẹ̀ mọ́ àńpílì. Ṣáájú ìgbà náà, bí ìlù bá pọ̀, jìtá kò ní ta ìlù yọ. Nígbà tí jìtá rí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ ga, àwọn olórin jùjú lè fi ìlù kún ìlù, kí gbogbo rẹ̀ sì dọ́gba. Báyìí ni àńpílì àti báfù ṣe wọ inú orin Yorùbá.

Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Lansing ń ṣe báfù fún àwọn olówó láti fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Ní ọdún 1957, wọ́n ṣe ọ̀kan tí wọ́n pè ní Paragon. Igi dídán ni wọ́n fi kàn án, ó sì lé ní mítà méjì àbọ̀ ní fífẹ̀. Ní ọdún 1969, Sidney Harman ra ilé iṣẹ́ náà. Láti ìgbà náà ni lẹ́tà mẹ́ta yẹn ti ń tàn dé gbogbo ayé.

Ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ orin

Ẹni tó bá ti ta iṣu tàbí kajú tán, tí ó sì fẹ́ fi lára owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ orin sílé, lè rí ọgbọ́n nínú iṣẹ́ Lansing. Báfù ni kí ó kọ́kọ́ yàn, kí ó tó yan àńpílì tó bá a mu. Ìwọ̀n yàrá ni yóò sì fi yan báfù. Yàrá kékeré kò nílò báfù gbọ̀ngàn: ohùn ìsàlẹ̀ yóò kún un, ọ̀rọ̀ inú orin kò sì ní yé ni mọ́.

Lẹ́yìn èyí, kí ó ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn báfù. Níbi tí a bá ti rí lẹ́tà dB, iye tó wà níbẹ̀ ń sọ bí ohùn báfù náà ṣe ń jáde tó nígbà tí a bá fún un ní agbára díẹ̀. Báfù tí wọ́n kọ 91 dB sí lára ń fẹ́ ìdajì agbára tí báfù 88 dB ń fẹ́ láti mú ohùn kan náà jáde. Ẹni tí ń lo iná oòrùn àti bátìrì gbọ́dọ̀ fiyè sí èyí, nítorí agbára tí kò ná yóò kù fún gílóòbù alẹ́.

Àmì Ω ń sọ bí báfù ṣe ń dènà iná tó. 4 tàbí 8 ni a sábà máa ń rí. Iye tó wà lára báfù kò gbọdọ̀ kéré ju èyí tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn àńpílì lọ. Bí àńpílì bá ń fẹ́ 8, tí a so báfù 4 mọ́ ọn, yóò gbóná, ó sì lè jóná. Báfù 8 méjì tí a so pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn mọ́ ihò kan ṣoṣo yóò di 4.

Lẹ́tà W dúró fún wáàtì, èyíinì ni agbára. Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Iye ńlá tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí kì í sábà jẹ́ agbára tòótọ́. Bí a bá rí lẹ́tà PMPO tàbí MAX lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí a má gbára lé e. Iye tí wọ́n kọ RMS sí ni ó sún mọ́ òtítọ́, nítorí agbára tí ẹ̀rọ náà lè gbé fún ìgbà pípẹ́ ni. Àńpílì kékeré tí a yí dé òpin léwu pẹ̀lú: ohùn rẹ̀ yóò máa ya, ó sì lè jó ẹnu kékeré báfù.

Nílé, kí wáyà pupa lọ sí pupa, kí dúdú lọ sí dúdú. Bí a bá yí i padà ní báfù kan, ohùn ìsàlẹ̀ yóò fò lọ. Kí a gbé báfù méjèèjì jìnnà sí ara wọn díẹ̀, kí ẹnu kékeré wọn sì dọ́gba pẹ̀lú etí ẹni tó jókòó. Aṣọ ojú fèrèsé àti ẹní ń dín ariwo tí ògiri ń dá padà kù. Lékè gbogbo rẹ̀, kí a tó sanwó, kí a fi orin tí a mọ̀ dáadáa dán ẹ̀rọ náà wò, ní ohùn kékeré àti ní ohùn ńlá. Ẹnikẹ́ni lè tẹ lẹ́tà mẹ́ta sára àpótí lásán, ṣùgbọ́n etí kì í gbàgbé ohùn tó mọ̀.

Lansing kò di olówó. Síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà lára ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ méjì títí di òní: JBL àti Altec Lansing. Àwọn méjèèjì ni ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún.